Ìyá Mi Kò Sunkún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní, 1888

Taillebois fẹ́ kí ìyá náà sunkún.

Mo ti fura tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ni gbọ̀ngàn eré Arcades kì í pe akọ̀wé wá jẹun ọ̀sán láìnídìí. Ó ní kí wọ́n gbé ehoro tí wọ́n fi wáìnì sè wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu tèmi fún mi, kí n sì tó gbé ẹyọ kan dé ẹnu ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Firmin, ọ̀rẹ́ mi, eré ẹ yìí dáa. Ó dáa títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Ọmọ kú, ìyá ẹ̀ padà sídìí ọpọ́n, ó ń fọ aṣọ ibùsùn lọ, kọ́tìnì sọ̀kalẹ̀. Ó tán? Kò sunkún? Kò tiẹ̀ pe Ọlọ́run? Ṣé òkúta lobìnrin yẹn ni?"

Mo ní, "Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni. Ta ni ò mọ̀ ní Paris? O ti kọ ọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, wọ́n á ti jẹun yó kí wọ́n tó wá. Wọ́n fẹ́ sunkún díẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀hún lè dà."

Mo dìde, mo fi ehoro náà sílẹ̀ fún un. Ó dùn mí títí mo fi délé, nítorí ehoro náà dára.

Eré méje ni mo ti kọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún wá. Wọ́n fi súfèé lé mẹ́rin kúrò lórí ìtàgé, ìjọba fi òfin de méjì, ìkeje ò tilẹ̀ rí ẹni gbé e jáde. Akọ̀wé Ààtàn ni àwọn ìwé ìròyìn ń pè mí. N kò bínú sí orúkọ yẹn, nítorí ààtàn kì í purọ́ fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Ẹ̀kẹjọ yìí, *Ilé Ìfọṣọ*, ni àkọ́kọ́ tí gbọ̀ngàn gidi gbà wọlé. Bí wọ́n bá fi súfèé lé e, kò sí ẹni tó máa tún ṣílẹ̀kùn fún mi. Síbẹ̀ n kò ní jẹ́ kí obìnrin yẹn da omijé kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò dídì láti àárọ̀. Àpò èédú ti di fáráǹsì márùn-ún, ẹni tó ń tà á sì ń wojú mi bíi pé èmi ni mo mú un wọ́n. N kò rà. Ìbínú ni mo fi ń yáná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

A dán eré wò lórí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́. Irma Delaunoy ló máa ṣe ìyá. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí ti ń dákú, tó ń kú, tó ń sunkún lórí ìtàgé Paris. Omijé ló fi kọ́lé sí Auteuil. Mo gbé ọpọ́n omi gbígbóná ka iwájú rẹ̀. Ó wo omi náà, ó wò mí.

"Ọ̀gbẹ́ni Vasselin, ọwọ́ mi rèé. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa tì í bọ inú ìyẹn lálaalẹ́ ni?"

"Ogójì ọdún ni ìyá mi fi tì í bọ̀ ọ́, Màdáámù."

"Ìyá yín ò kí ń bá mínísítà jẹun."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bọ́ kóòtù, mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, mo kúnlẹ̀ sídìí ọpọ́n, mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi igi lu aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń fún un. Ẹ̀rín náà tán. Irma wá ní kò burú, òun á fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n níparí òun gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí òkú ọmọ náà, ìlà mẹ́rìnlá péré. Ó ní òun ò tíì rí òkú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sunkún lé rí.

Mo yọ lẹ́tà ìyá mi jáde lápò, mo kà á fún wọn. Kò gùn. "Firmin ọmọ mi, Léonie kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ti sin ín. N kò sunkún. Mo ti padà sídìí iṣẹ́ nítorí aṣọ ibùsùn gbọ́dọ̀ délé oníǹkan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má wá. Kàwé rẹ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mò ń kàwé ọ̀fẹ́ níhìn-ín, ìyá mi àti Léonie ẹ̀gbọ́n mi ń fọṣọ létí odò Robec ní Rouen. Lẹ́tà yìí ló sọ mí di akọ̀wé. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé mi àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ìyá mi kò sunkún, ẹ má ṣe bá mi pa á lẹ́kún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé mi mọ gbólóhùn yẹn lórí. Aurélien Pons, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ìwé kíkọ, kọ ọ́ mọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀. Kí n tó kọ eré kankan, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba tí mò ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu ènìyàn lè yí padà, ṣùgbọ́n ìwé kì í yí padà. Irma ní lẹ́tà náà dára, kò kàn ṣeé ṣe lórí ìtàgé ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìkòkò bàbà ńlá dé. Ó hó, ooru rẹ̀ gba gbogbo ìtàgé, òórùn ọṣẹ àti eérú sì dé àga ẹ̀yìn. Ọjọ́ ayọ̀ ni ì bá jẹ́ bí kì í bá ṣe pé ìkòkò náà ń jò. Omi gba ojú ìtàgé kọjá, ó dà sọ́dọ̀ àwọn olórin tó jókòó nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ta gòjé ńlá gbé gòjé rẹ̀ lérí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò.

Ó ní, "Ẹ̀yin olótìítọ́, ṣé dandan ni kí òtítọ́ yín bó wa lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín mi àkọ́kọ́ lọ́dún yìí nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Irma kò wá. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun tí n kò fún ní ìlà kan sọ níparí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ gba eré mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ìjọba yẹ eré wò. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa pa ibi mẹ́sàn-án rẹ́. Wọ́n ní obìnrin afọṣọ kò gbọdọ̀ sọ pé aṣọ ibùsùn àwọn ọlọ́lá ń rùn. Mo bi ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì pé ṣé kì í rùn ni.

Ó ní, "Ó lè rùn, Ọ̀gbẹ́ni. Kò kàn gbọdọ̀ sọ ọ́ ni."

Ó wá ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kí n yọ ọ́. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un lẹ́yìn òǹtẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Inú ń bí mi títí mo fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni mo ti rántí ìlà mẹ́rìnlá Irma. Kò lè wọlé mọ́. Ọ̀tá mi kan ti bá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá mi kejì, mo sì ra ìpàpánu kan jẹ lórí ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bidault wá bá mi. Òun ni olórí àwọn tí gbọ̀ngàn ń sanwó fún láti pàtẹ́wọ́. Ogójì ènìyàn ló ń darí, ó sì mú pẹ́ńsùlù wá kó lè sàmì sínú eré mi: ibí ẹ̀rín, ibí ìmí ẹ̀dùn, ibí àtẹ́wọ́ ńlá. Ó jókòó tì mí bíi télọ̀ tó fẹ́ wọn ènìyàn.

"Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ló yé mi, àfi ìparí. Níbo ni ká ti sunkún?"

"Ẹ ò ní sunkún, Baba."

"Mo lóbìnrin méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe o. Ọ̀kan wà níbẹ̀, tó bá ti fa imú báyìí, àwọn tó wà lókè téńté á gbọ́."

"Mo ní ẹ ò ní sunkún, ẹ ò sì ní pàtẹ́wọ́. Mi ò fẹ́ rí ẹnì kankan yín lọ́jọ́ náà."

Ó rọra ká ìwé náà. Kò bínú, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú.

Ó ní, "Èèyàn tó fowó ẹ̀ wọlé máa ń tijú. Tẹ́nì kan ò bá bẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọ́n á kàn jókòó ni. O ò tíì gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ń dún, ọmọ mi."

Mo lé e jáde. Taillebois ní mo ti lé oúnjẹ jáde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì

Ìyá mi dé láti Rouen láìsọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ápù, wàràkàṣì, àti igo ọtí ápù tó fi ṣọ́ọ̀lù wé bí ọmọ jòjòló. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó gun àtẹ̀gùn àjà márùn-ún láìsinmi. Kí ó tó kí mi tán ó ti di kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi mú.

"Ta ló fọ èyí? Ẹni náà jalè."

Ó ní ẹnì kan ló ka ìwé ìròyìn sétí wọn nílé ìfọṣọ, ó ní, "Wọ́n ní o kọ nǹkan nípa wa. Mo ní kí n wá wò ó káwọn ará Paris tó rí i." Ìyá mi ò mọ̀wé. Kò tíì wo eré mi kan rí, nítorí eré mi kì í pẹ́ láyé tó kí ó tó wọkọ̀. Inú mi dùn pé ó wá. N óò lò ó láti fi kọ́ Irma.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

A ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi jókòó ní ìlà kẹta, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé itan.

Ó lọ bí mo ṣe fẹ́. Wọ́n gbé òkú ọmọ náà kọjá. Clémence afọṣọ bèèrè pé, "Ó ti kú ni? Ta lọpọ́n ẹ̀ wá kàn báyìí?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Irma tẹ̀ sórí ọpọ́n, ó ń lu aṣọ, ojú rẹ̀ gbẹ, kọ́tìnì sọ̀kalẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń dúró de ìṣẹ́jú yẹn. Mo yíjú sí ìyá mi, mo rí i pé kò sí lórí àga rẹ̀.

Ìta ni mo ti bá a, ó dúró nínú òtútù. Ó ní iná gáàsì ló fọ́ òun lórí. Ó se ọbẹ̀ ewébẹ̀ nígbà tá a délé, ó sì lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ń bó ápù. Kò gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò sunkún?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Nínú lẹ́tà."

"Lẹ́tà wo?"

Mo mú un wá, mo kà á. Ó fetí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

"Hẹn-ẹn. Baba Hamel tó máa ń bá wa kọ lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo ní kó kọ náà ló kọ." Ó gé ápù sí méjì. "Mo sunkún, Firmin. Ńṣe ni wọ́n dì mí mú kí n má bàa kó sódò. Ọjọ́ mẹ́rin lọwọ́ mi ò kan ọṣẹ."

"Aṣọ ibùsùn yẹn ńkọ́?"

"Méjìlélógún ni. Ti ilé ìtura kan ni, tó bá pẹ́ wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fẹ́lòmíì. Clémence ló kọ́kọ́ wá, ó mú méjì nínú apẹ̀rẹ̀ mi, kò sọ nǹkan kan. Òmíì wá. Òmíì tún wá. Wọ́n kó o tán pátá. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tiwọn, wọ́n sá a, wọ́n gbé e délé oníǹkan ní Àbámẹ́ta, wọ́n sì já owó ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Clémence yẹn lo wá mú tó ń bèèrè ẹni tí ọpọ́n òkú kàn?"

Mo ká lẹ́tà náà padà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní kí wọ́n kọ irọ́ sí mi.

"Kí ló dé kẹ̀? Tí mo bá ní mò ń sunkún, ṣé o ò ní wọkọ̀ wá? Tó o bá wá, níbo la ti máa rówó ọkọ̀ tó o máa fi padà? Wàá dúró ni. Títí dòní wàá ṣì máa ti kẹ̀kẹ́ aṣọ létí Robec. Mo ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde nínú omi yẹn." Ó ti àwo ápù sọ́dọ̀ mi. "Jẹun. Clémence ń bọ̀ wá wo eré náà lọ́jọ́bọ̀ o, òun àti mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

N kò lè jókòó. Mo rìn láti ilé mi ní Batignolles dé etí odò Seine, mo rìn padà. Odò ti kún, yìnyín ń wọ́ lọ lójú rẹ̀. Mo bínú sí ìyá mi pé ó purọ́, mo tún bínú sí i pé ó jẹ́wọ́. Mo bínú sí Hamel, Hamel sì ti kú tipẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ni mo gbé ilé mi lé, ìwé náà wá ń yẹ̀ lábẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn Clémence ló burú jù. N kò rí i nínú ìwé kankan, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń pariwo káàkiri Paris pé n kì í fi nǹkan kún nǹkan, èmi ni mo dá a sílẹ̀, nítorí mo rò pé bí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Owó ọṣẹ wọn ni wọ́n fi tọ́ mi. Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin yẹn á jókòó, á sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo lọ sọ fún Taillebois pé ìyá náà á sunkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó.

"Oṣù kan lo fi bá mi jà. Oṣù kan! O wá mọ̀ báyìí pé ọ̀gá ẹ gbọ́n?"

Ó dùn mí dé eegun pé mo ní láti jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan, òǹtẹ̀ ò gbà á. Mo fa gbólóhùn Clémence pa. Irma á jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé, àwọn afọṣọ á wá mú aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ìyá mi gun orí ìtàgé lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ ńlá ní méjì-méjì. Irma dúró tì í bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe sunkún lọ́jọ́ náà?"

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sunkún náà ni. Ẹ sáà má jẹ́ kí wọ́n rójú yín."

Obìnrin tó fi omijé kọ́lé sí Auteuil fi épírọ̀nù bo orí mọ́lẹ̀. N kò lè wò ó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ilé kún fọ́fọ́ lánàá. Pons àti àwọn ogún ọ̀dọ́ mi jókòó níwájú. Ìyá mi kọ àga iyì tí Taillebois fún un. Ó ní òun á bá àwọn ènìyàn òun lọ sókè téńté.

Nígbà tí obìnrin kejì wá mú aṣọ, mo gbọ́ tí wọ́n dáwọ́ ikọ́ dúró. Kọ́tìnì sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó mira. Ìdákẹ́jẹ́ tí Bidault sọ nìyẹn, ó sì ń dún lóòótọ́. Mo di igi ìtàgé mú. Lẹ́yìn náà ni súfèé kan jáde, láti iwájú, láti ìlà àwọn ọmọ mi. Ohùn Pons ni mo gbọ́: "Irọ́ ni! Ẹkún omi ṣúgà!"

Obìnrin arúgbó kan sì dá a lóhùn láti òkè, ohùn tó ti fi ogójì ọdún borí ariwo igi ìfọṣọ.

"Ta ló ń pè é nírọ́? Ọwọ́ yìí ló fún aṣọ yẹn!"

Gbogbo ilé wá dàrú. Òkè ń pàtẹ́wọ́, iwájú ń súfèé, àárín ń nu ojú. Mo bá Bidault lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fowó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sanwó fẹ́kún, ọmọ mi. Lálẹ́ òní, ọ̀fẹ́ ni."

Clémence, ẹni tó kígbe náà, sọ̀kalẹ̀ wá. Ó kúrú, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní àwọn ọmọ orí ìtàgé yẹn ò tíì mọ aṣọ fún, ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú. Ó tún ní, "O ò jẹ́ kí n sọ nǹkan kan níbẹ̀. O ṣe dáadáa. Mi ò sọ nǹkan kan lóòótọ́." Mo dì mọ́ ọn kó má bàa rí ojú mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Pons kọ̀wé nípa eré náà kún ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn. Ó ní Vasselin, ẹni kan ṣoṣo tí kì í purọ́ ní Paris, ti lọ ta ìyá rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ sunkún lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní arúgbó tó kígbe lókè, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ni, àti pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó sì wá tẹ lẹ́tà ìyá mi sísàlẹ̀, lódindi, láti inú ìwé mi: N kò sunkún. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Vasselin sọ fún wa èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì.

Ọmọ tí mo fọwọ́ mi kọ́. Mo ju ìwé ìròyìn náà sínú iná, mo tún sáré lọ ra òmíràn kí n lè tún un kà. Èmi tí mo lé Bidault jáde ni wọ́n ń sọ pé mo yá arúgbó láti kígbe. Ẹni mẹ́ta ti dá ìwé mi padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi okùn dì í.

Taillebois ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tán. Orí mi gbóná sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Olóòtú ìwé ìròyìn ní òun á tẹ èsì mi bí mo bá ní ẹ̀rí. Mo ní i. Ẹlẹ́rìí náà ń gbálẹ̀ yàrá mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀rí bí mo ṣe ń kọ ọ́ ní ọ́fíìsì láyé àtijọ́, ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́, ibùgbé. Pons á jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Àwọn ènìyàn ń fi ìbòjú jó lójú títì kí ààwẹ̀ tó wọlé. Mo ti fèrèsé, mo ka ìwé náà fún ìyá mi: "Èmi, opó Vasselin, afọṣọ ní Rouen, jẹ́wọ́ pé mo purọ́ fún ọmọ mi nínú lẹ́tà oṣù Kẹjọ ọdún 1861."

"Purọ́ lo kọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, Màmá."

"Ṣé wọ́n á kà á ní Rouen?"

"Wọ́n á kà á."

"Ó dáa." Ó gba kálámù, ó fa àgbélébùú rẹ̀ síbi tí mo fọwọ́ tọ́ka sí, ó rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà á gbọ́ nígbà yẹn?"

"Mo gbà á gbọ́."

"Hẹn-ẹn."

Ó dé fìlà rẹ̀. Mo bá a gbé apẹ̀rẹ̀ dé ibùdó Saint-Lazare, mo wá àga fún un lẹ́bàá fèrèsé. Kò tún bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ní kí n má jẹ́ kí olè yẹn fọ kọ́là mi mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Olóòtú ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pons ti kọ òmíràn, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé tí ìyá mi fọwọ́ sí wà lórí tábìlì. N kò fi í ránṣẹ́, n kò sì ní fi í ránṣẹ́.

Ó yẹ kí n kọ eléyìí síbì kan. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà dé ilé-ìwé. Ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti gbọ́. Ó fi owó ọkọ̀ sórí tábìlì, àlọ àti àbọ̀, ó ní kí n máa lọ bá ìyá mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà, kò pọn dandan. Ìyá mi ní òun ò sunkún." Mo na lẹ́tà náà sí i kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ó kà á, ó wò mí, ó kó owó rẹ̀.

Mo mọ ìyá mi. Mo ti rí i tó sunkún nítorí ológbò. Kí n tó ka ìlà náà tán ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, tí ara sì tù mí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa pín ẹ̀bùn, èmi ni mo gba ipò kìíní, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ mi. Wọ́n pè é, mo jáde síwájú, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi.